Láti Bantè dé Savalou Láìní Ọkọ̀ Ara Ẹni

Orí yìí wà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú kan tí ilé rẹ̀ sì wà ní ìkejì: olùkọ́ tí wọ́n gbé lọ sí Gouka tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní Savalou, ìyá tó ń ra iṣu àti gaàrí tà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, ẹni tó ń gbé aláìsàn láti Bantè lọ sí ọsibítù àgbègbè tó wà ní Savalou. Kò sí rélùwéè níbí. Kò sí bọ́ọ̀sì ìjọba tó ń lọ tó ń bọ̀ ní wákàtí-wákàtí. Títì kan ṣoṣo ló wà, RNIE 3, tó yà kúrò lára ọ̀nà Parakou ní Ìdáàṣà, tó gba Savalou, Gouka, Bantè àti Pira lọ sí Bassila, tó sì ń bá a lọ gba Djougou àti Natitingou títí dé Porga ní ẹnubodè Burkina Faso. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sókè lọ́hùn-ún, takisí ọlọ́jà, alùpùpù tó so ewúrẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, agbo màlúù tó ń kọjá, orí títì kan náà ni gbogbo wọn wà. Láti Ìdáàṣà dé Savalou fi díẹ̀ lé ní 30 kìlómítà. Láti Savalou dé Bantè tó nǹkan bí 60. Kò jìn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fojú kéré rẹ̀.

Inú gáréèjì lèèyàn ti ń dáàbò bo ẹ̀mí ara rẹ̀ lójú ọ̀nà yìí, kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí awakọ̀ bá ti ki eré mọ́lẹ̀, ohun tó kù lọ́wọ́ èrò kò tó nǹkan mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe máa pẹ́ lórí bí a ṣe ń yan ọkọ̀, àti bí a ṣe ń kọ ọkọ̀.

Ohun tí ẹ máa mú dání

Owó wẹ́wẹ́ ló ṣáájú. Ẹni tó bá na 10.000 sẹ́fà sí awakọ̀ ní ìdájí ti fún un láyè láti sọ pé, "Ṣénjì kò sí, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀hún." Bí ẹ bá dé ọ̀hún tán, ẹ̀yin lẹ máa máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kiri. Ẹ ti fọ́ owó yín sí 500 àti 1.000 láti alẹ́ àná, kí ẹyọ 100 àti 200 mélòó kan sì wà nínú àpò fún sémíjàn, alùpùpù akérò. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń gba owó lórí fóònù báyìí, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì lè bọ́ nígbàkúùgbà láàárín ìlú méjì, ẹ má fi gbogbo ara tì í.

Ìwé ìdánimọ̀, ì báà ṣe CIP tàbí káàdì, kó wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró, tí ẹnì kan ṣoṣo kò sì rí ìwé tirẹ̀, gbogbo èrò ló máa dúró dè é nínú oòrùn.

Fóònù tí iná rẹ̀ kún, àti bébà kékeré kan tí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta sí: 117 ti ọlọ́pàá, 118 ti panápaná, àti ti ẹni tó ń retí yín. Ẹ fi bébà náà sínú ìwé ìdánimọ̀. Bí fóònù bá fọ́, tàbí tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè sọ̀rọ̀, ẹni tó bá rí i á mọ ẹni tí òun máa pè.

Akoto tiyín. Ti sémíjàn, bó bá tilẹ̀ ní ọ̀kan fún èrò, ti wà lórí ọ̀pọ̀ èèyàn, okùn rẹ̀ a sì sábà ti já. Akoto tí okùn rẹ̀ kò dì mọ́ àgbọ̀n kò yàtọ̀ sí fìlà.

Lẹ́yìn ìyẹn: aṣọ òjò, ìbòmú nítorí eruku, láílọ́ọ̀nù ńlá tí ẹ lè fi wé ìwé àti aṣọ, omi, iná ìléwọ́ kékeré, àti okùn tó gùn dáadáa. Èrò tó bá dé kẹ́yìn ni okùn awakọ̀ kì í tó fún, ẹrù rẹ̀ ló sì máa ń wà lókè pátápátá. Ẹrù tí ẹ bá fọwọ́ ara yín so lẹ lè fọkàn sí.

Ọjọ́ àti àkókò

Takisí ojú ọ̀nà yìí kì í wo aago. Ìgbà tó bá kún ló ń lọ. Nítorí náà, ìdájí ló dára jù, nígbà tí àwọn ọlọ́jà àti òṣìṣẹ́ ń jáde tí ọkọ̀ sì ń tètè kún. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di ọ̀sán, ẹ lè jókòó sínú ọkọ̀ kan náà títí ẹsẹ̀ á fi kú.

Ẹ má bi agbèrò pé ìgbà wo ni ọkọ̀ máa ṣí. "Ó kù ẹyọ kan" ni ìdáhùn rẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ẹ fi ojú ara yín ka èrò. Kí ẹ sì wò ó dáadáa, nítorí àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ lè jẹ́ ọmọ gáréèjì tí wọ́n kó síbẹ̀ kí ó lè dà bíi pé ọkọ̀ ti fẹ́ kún. Ẹni tí kò ní bàgì, tí kò ní ẹrù nínú bọ́ọ̀tù, tó sì ń bá agbèrò ṣe àwàdà láti ojú fèrèsé, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò yín.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọ̀nà kì í rí bó ṣe máa ń rí. Ọjọ́rú ni ọjà Glazoué, ẹrù àti èrò á sì kún ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí Ìdáàṣà, tí wọ́n ń gbà lọ síbẹ̀, láti kùtùkùtù. Ẹni tí kò bá ní ohun tó fẹ́ rà níbẹ̀, kó jẹ́ kí àwọn ọlọ́jà lọ tán. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni ọdún iṣu ní Savalou. Àwọn ọmọ ìlú á ti ibi gbogbo wálé, àkókò yẹn kan náà sì ni àwọn Kátólíìkì máa ń wọ́ lọ sí ihò àpáta Arigbo ní Ìdáàṣà. Owó ọkọ̀ á lọ sókè, awakọ̀ á fẹ́ lọ kí ó tún bọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú, eré á sì le. Bí ẹ bá lè lọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ lọ. Láti oṣù kejì títí wọ oṣù kárùn-ún, àkókò kajú, ọkọ̀ akẹ́rù a máa pọ̀ ní agbègbè Bantè. Wọ́n á dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì láti kó àpò, ìdajì ara wọn á sì wà lórí ọ̀dà níbi tí takisí yín fẹ́ gbà.

Yíyan ọkọ̀

Èkínní, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba bàgì lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí sémíjàn ni àwọn ọmọ gáréèjì á ti dì mọ́ ọn, ọ̀kan fẹ́ gbé e lọ sápá ọ̀tún, èkejì fẹ́ gbé e lọ sápá òsì. Ẹni tí bàgì rẹ̀ ti wọ bọ́ọ̀tù ti gbà láti lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ẹ dì í mú, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sọ pé, "Ẹ ṣé o, mo ń dúró de ẹnì kan." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń fún èèyàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Èkejì, ẹ yí ọkọ̀ ká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbó, gbígbó nìkan kì í sì í ṣe ẹ̀sùn. Táyà ni kí ẹ wò, pàápàá ti iwájú méjèèjì: bí ó bá ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, tàbí tí okùn inú rẹ̀ ti ń yọ létí, ẹ rìn kúrò níbẹ̀. Táyà iwájú tó bá bẹ́ lórí eré máa ń gba ìdarí lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹ wo bóyá iná iwájú pé méjì, àti bóyá iná ẹ̀yìn ń tàn nígbà tó bá tẹ búrẹ́kì. Gíláàsì iwájú tó sán kò burú púpọ̀, àfi tí sísán náà bá gba iwájú ojú awakọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀kùn, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Ẹ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ wá gbìyànjú láti ṣí i láti inú. Nínú àwọn takisí tó ti pẹ́, ọwọ́ ilẹ̀kùn inú ti já tipẹ́, ojú ihò nìkan ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀ á yí gíláàsì sílẹ̀, á na ọwọ́ síta, á sì ṣí i láti òde. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí gíláàsì náà, ẹyọ kan ṣoṣo ló lè wà fún gbogbo ọkọ̀, awakọ̀ á tọ́jú rẹ̀ sí iwájú, tí ooru bá mú yín ẹ ó tọrọ rẹ̀, ẹ ó yí tiyín tán, ẹ ó sì dá a padà fún ẹni tó wà lódì kejì. Èèyàn lè fi í ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n tí iná bá sọ, tàbí tí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹni tí kò lè ṣí ilẹ̀kùn láti inú ti há. Bí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yín kò bá ṣí, tí gíláàsì rẹ̀ kò sì yí sílẹ̀, ẹ má jókòó síbẹ̀. Ẹ lọ sódì kejì, tàbí kí ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ̀kẹrin ni awakọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ kí i, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àárọ̀ yìí lẹ ti Kùtọnu dé ni?" Ìbéèrè lásán ni lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá ó sùn. Ẹni tó wa ọkọ̀ láti òru mọ́jú tó tún ń kó èrò ti ń fi ojú lílà sùn. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀ ni imú yín á sọ fún yín bóyá ó ti mu ọtí sódàbì. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì wàásù fún un. Ẹ kàn gbé bàgì yín.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wo ohun tí wọ́n ń dì sínú bọ́ọ̀tù. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò kò gbọdọ̀ bá yín wọ ọkọ̀. Kpayo, bẹntiróò fàyàwọ́ tó ń wọlé láti Nàìjíríà, gbówó lórí gan-an nígbà tí ìjọba ibẹ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù kárùn-ún ọdún 2023, síbẹ̀ kò tán lójú ọ̀nà, àwọn kan sì ń rò pé bí wọ́n bá fi aṣọ bò ó kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Òórùn rẹ̀ á sọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 kan náà, iná mú ibi tí wọ́n ń kó irú epo yìí pamọ́ sí ní Sèmè-Podji, ó sì pa èèyàn tó lé ní 30. Nínú ọkọ̀, ibi téèyàn máa sá sí kò sí.

Ìjókòó

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún èèyàn márùn-ún, awakọ̀ á fi èrò méjì síwájú, á fi mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ yí èyí padà ní láti mọ ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ní ọ̀gá tó ni ọkọ̀, owó tó máa kó fún un kò sì yí padà, ì báà gbé èrò mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Àyè tó ṣófo, àpò ara rẹ̀ ló ti ń yọ. Nítorí náà, àwíjàre kì í ràn án. Owó àyè náà ló máa ń ràn án.

Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ san owó èèyàn méjì kí ẹ dá iwájú jókòó. Ìyá kan tó ń lọ Savalou lè sọ ọ́ báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n, mo máa san ti èèyàn méjì, ẹ má fi ẹnikẹ́ni kún mi níwájú."

"Ìyá, ẹ san án nísìnyí o."

"Mo san ọ̀kan nísìnyí. Ẹ ó gba èkejì tí a bá wọ Savalou."

Kí ẹ sọ ọ́ kí gbogbo èrò gbọ́. Bí ó bá dé ìta ìlú tó fẹ́ gbé ẹnì kan tó nawọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn á bá yín sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé lẹ́yìn iwájú, tiwọn ló kàn.

Bí owó bá ń ṣe wàhálà, ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ mọra lè gba ẹ̀yìn, kí ẹ pín owó ẹnì kẹrin láàárín ara yín. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n jọ ń lọ jọ ń bọ̀ ló yẹ kí èyí rọrùn fún jù lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò wọ́pọ̀.

Ibi kan wà tí mo ní kí ẹ má jókòó sí láéláé, ì báà ṣe ọ̀fẹ́: àárín iwájú, láàárín awakọ̀ àti èrò kejì. Bẹ́líìtì kò sí níbẹ̀. Orúnkún yín á máa dí ọwọ́ jíà, awakọ̀ á máa wa ọkọ̀ pẹ̀lú èjìká kan níta fèrèsé, tó bá sì di pé ó fẹ́ yà lójijì, ara yín ni ọwọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ kàn. Ẹni tó bá jókòó níwájú létí ilẹ̀kùn, kó fa bẹ́líìtì, kó sì wò ó bóyá ó há. Àwọn kan wà tí wọ́n kàn so kọ́ nítorí ọlọ́pàá.

Lójú ọ̀nà

Ẹ tètè sọ̀rọ̀. Bí awakọ̀ bá kọ́kọ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ lórí òkè tàbí ní kọ́nà tí kò rí iwájú, ìgbà yẹn ni kí ẹ sọ ọ́, kó má di ẹ̀ẹ̀kẹta. Àwọn òkè tó yí Savalou ká ló fà á tí ọ̀nà fi ń yí, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó kún á sì máa wọ́ lórí ibẹ̀ débi tí yóò fi sú ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Sísú yẹn ló ń pa èèyàn. Ẹ rántí ohun tí ìkọlù ń ṣe: ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì èrò kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlu ara wọn ní Ìdáàṣà, iná sì sọ. Èèyàn tó lé ní 20 ló kú.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá bú awakọ̀ láàárín èrò ti dójú tì í, á sì túbọ̀ sáré kí ó lè fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ òun. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èébì ń gbé mi" máa ń dẹ eré ọkọ̀ ju "Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?" lọ, nítorí kò sí awakọ̀ tó fẹ́ fọ àga. Bí ìyá àgbà kan bá wà nínú ọkọ̀, ẹ rọra sọ fún un kó bá yín sọ ọ́. Ó ṣòro fún ọmọ Ìṣà tàbí ọmọ Ifẹ̀ láti sọ fún àgbà obìnrin pé kó dákẹ́. Bí kò bá gbọ́ síbẹ̀, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ bọ́ ní ìlú tó kàn, ní Gouka fún àpẹẹrẹ, níbi tí ẹ ti lè rí ọkọ̀ mìíràn. Ẹ má bọ́ sínú igbó nítorí ìbínú. Owó tí ẹ bá ti san ti lọ.

Ẹ bá awakọ̀ wo iwájú. Bí ẹ bá rí ewé tútù tí wọ́n ṣẹ́ lulẹ̀ sórí ọ̀dà, ẹ̀ka kan níbí, òmíràn níwájú díẹ̀, ọkọ̀ kan ti kú síwájú nìyẹn. Ìgbà mìíràn ó wà lẹ́yìn kọ́nà, láìsí iná, ẹrù sì wà lórí rẹ̀. Bí ewé náà bá ti gbẹ, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ ti lọ, kò sẹ́ni tó kó o kúrò, àwọn awakọ̀ a sì máa rò pé gbogbo ewé ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ sókè: "Ewé wà níwájú o." Kò sẹ́ni tó ń bínú sí ẹni tó sọ ìyẹn.

Sémíjàn àti alùpùpù

Ẹ fi sémíjàn ṣe ìrìn inú ìlú àti ti ọ̀nà ilẹ̀ pupa, láti gáréèjì dé ilé, tàbí láti ojú títì wọ abúlé ní agbègbè Agoua, Lougba tàbí Tchetti. Ẹ má fi í rin Bantè sí Savalou. Ẹni tó bá ń kánjú á rò pé ó yá ju takisí tí kò tíì kún lọ. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá fẹ́ yà lójú títì yẹn, alùpùpù ló máa ń sá wọ koríko.

Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì dárúkọ ibi tí ẹ ń lọ ní pàtó: lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. "Bantè níbẹ̀ yẹn" máa ń di ìjà nígbà tí ẹ bá dé. Ẹ bi ọmọ ilé tí ẹ ti ń jáde léèrè iye tí wọ́n ń san, nítorí àlejò ni owó ń gorí fún.

Ẹ gba apá òsì gùn ún. Páìpù èéfín wà lápá ọ̀tún, ó sì ń jó ojúgun tí ẹ kò bá ṣọ́ra. Ẹni tó ró ìró, kó ká a sókè kó sì ki etí rẹ̀ sábẹ́ itan kí alùpùpù tó ṣí. Ìborùn tó ń fẹ́ lẹ́yìn, ẹ tú u kí ẹ fi sínú bàgì. Aṣọ tó bá wọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù máa ń fa èèyàn lulẹ̀ kí awakọ̀ tó gbọ́ igbe, àwọn obìnrin ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Jíjókòó fẹ̀gbẹ́kan kò dára, bó ti wù kí aṣọ náà gbówó tó. Ìyá tó pọn ọmọ, kó di ọ̀já mọ́ra dáadáa, kó wá sémíjàn tó dàgbà, kó sì sọ fún un pé kó rọra. Bí ó bá fẹ́ fi ẹlòmíràn kún yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Òjò, ọyẹ́ àti òru

Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn ló ń yọ̀ jù, nítorí eruku àti epo tó ti jókòó sórí ọ̀dà á di ẹrẹ̀ tí ojú kò rí. Ẹ dúró kí ó rọ̀ dáadáa kí ó sì fọ títì kí ẹ tó gbéra. Lórí ilẹ̀ pupa, òjò ńlá lè gé ọ̀nà lálẹ́ kan. Bí omi bá ń ṣàn kọjá lójú ọ̀nà tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ẹ wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń gbà á. Bí wọ́n bá dúró, ẹ̀yin náà ẹ dúró.

Nígbà ọyẹ́, ìkùukùu eruku a máa bo ọ̀nà láàárọ̀, èéfín iná oko a sì máa gba títì kọjá lọ́sàn-án. Awakọ̀ tí kò tan iná nínú èéfín, ẹ sọ fún un kó tàn án. Òun lè rí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ kò rí òun.

Òru: ẹ má lọ. Ọkọ̀ tó ti kú láìsí iná, alùpùpù tí kò ní iná ẹ̀yìn, màlúù tó dùbúlẹ̀ sórí ọ̀dà nítorí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sí awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n wà débi tí ìyẹn kò fi ní kàn án.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ igbó, ẹ má bọ́ sí ojú títì. Ẹ ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná. Kí ẹni méjì lọ síwájú àti sẹ́yìn, ibi tó jìnnà dáadáa, kí wọ́n fọ́n ewé kí wọ́n sì máa ju ọwọ́, nítorí ọkọ̀ tó tún wá já lu ìjàǹbá àkọ́kọ́ ló sábà ń pa àwọn tó wá ṣèrànwọ́. Ẹ pe 118, ẹ sọ orúkọ ìlú tí ẹ kọjá gbẹ̀yìn àti èyí tó wà níwájú.

Ẹni tó fara pa, ẹ má fà á lọ́wọ́ fà á lẹ́sẹ̀. Bí iná kò bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí. Ẹ má fún un ní omi. Àánú ló ń mú èèyàn ju ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán sẹ́yìn alùpùpù láti gbé e lọ sí Savalou, àánú yẹn a sì máa sọ ọ́ di arọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Sísan gbogbo owó ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí, pàápàá fún agbèrò. Bí ọkọ̀ bá kú lójú ọ̀nà, awakọ̀ á ní òun kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín.

Sísùn pẹ̀lú fóònù lórí itan.

Gbígbàgbọ́ pé ọkọ̀ tó ń sáré ló ń tètè dé. Láàárín Bantè àti Savalou, ohun tó ń jẹ àkókò ni dídúró nínú gáréèjì àti gbígbé èrò lójú ọ̀nà. Eré kò lè dá ìyẹn padà.

Ọkọ̀ ìkẹyìn. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́, takisí kan ṣoṣo ló kù, táyà rẹ̀ dán, ó ti rẹ awakọ̀ rẹ̀, èrò sì ti di méje, ẹnì kan á sì sọ pé, "Ẹ wọlé, kò sí òmíràn mọ́." Gbogbo ohun tí ẹ ti kà nínú orí yìí, ìgbà yẹn ló máa ń fò lọ lórí èèyàn, nítorí ọmọ wà nílé, iṣẹ́ wà láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ ti mọ ilé tí ẹ lè sùn ní ìlú méjèèjì kí ọjọ́ náà tó dé: ẹbí, ará ìjọ, ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tàbí ilé àlejò tí ẹ ti béèrè iye rẹ̀. Ẹ fi owó ibùsùn alẹ́ kan pamọ́ sọ́tọ̀ nínú bàgì, kí ẹ má fi ọwọ́ kàn án fún nǹkan mìíràn. Ẹ pe ilé, ẹ sọ pé ọkọ̀ òwúrọ̀ lẹ máa wọ̀.

Èyí tó kẹ́yìn: ẹrù tí ẹ gbàgbé sínú bọ́ọ̀tù. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ ya àwòrán nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń retí yín. Bí bàgì bá bá ọkọ̀ lọ sí Bassila, nọ́ńbà yẹn ni àwọn ará gáréèjì fi ń wá awakọ̀, wọ́n a sì máa rí i lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí òun náà á tún padà wá kó èrò níbẹ̀.